Ẹni Tó Se Ìrẹsì Súṣì Lẹ́yìn Ògiri ní Padova

Irọ́ àkọ́kọ́ tí àwọn ènìyàn pa mọ́ màmá àgbà mi lẹ́yìn ikú wọn ni pé ènìyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Ọjọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ ni, nínú gbọ̀ngàn kan tí a háyà lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin Padova. Ọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilé ní àdúgbò wa dìde, ó nu ojú, ó ní: “Ìyá wa kò bá ẹnikẹ́ni jà rí.” Gbogbo ilé ṣe àmín. Ọkùnrin yìí kan náà ni màmá àgbà mi kò kí fún ọdún mẹ́rin gbáko, nítorí pé ó ta ẹja gbígbẹ tó ti bu fún wọn, tó sì ní kí wọ́n lọ fi omi gbígbóná ṣàn án.

N kò gbé kálámù láti fi kún àmín wọn. Ṣìkírátù Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ẹ̀pẹ́ létí ọ̀sà, le bí igi. Wọ́n ti ń ha ìpẹ́ ẹja kí eyín wọn tó pààrọ̀, wọ́n sì dé Italy pẹ̀lú ojú tó lè mọ ẹja tó ń purọ́ láti ẹnu ọ̀nà. Wọn kì í tètè dárí jini. Èmi ọmọ ọmọ wọn tí mò ń kọ èyí, n kò mọ̀ títí di òní bóyá wọ́n dárí jì mí.

Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi se gbogbo ìrẹsì ilé oúnjẹ súṣì kan ní Padova. Nínú ìwé iṣẹ́ wọn, ohun tí wọ́n kọ ni lavapiatti: ẹni tó ń fọ abọ́. Ohun tí màmá àgbà mi fẹ́ lọ́wọ́ ìlú yìí kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Wọ́n fẹ́ kí a pa lavapiatti rẹ́, kí a sì kọ cuoca, èyí tí í ṣe alásè, sí ipò rẹ̀. Wọ́n kú láìrí i gbà.

Àwọn tó ń jẹ súṣì rò pé ẹja ni súṣì. Màmá àgbà mi máa ń fi àánú wo irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìrẹsì ni súṣì, àlejò ni ẹja. Ìrẹsì oníhóró róbótó tí wọ́n ń gbìn ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Vercelli, lápá Torino, ni wọ́n ń lò. Àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, kì í ṣe ìka, títí omi yóò fi mọ́ tí ènìyàn yóò máa rí ìdí abọ́ kedere. Wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á gbé e kaná, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ṣí ìdérí rẹ̀. Bó bá jinná, wọ́n á dà á sínú ọpọ́n onígi fífẹ̀, wọ́n á wọ́n ọtí kíkan tí wọ́n ti po ṣúgà àti iyọ̀ mọ́ sí i lórí, wọ́n á máa fi páálí fẹ́ ẹ, wọ́n á sì máa fi igi pẹlẹbẹ gé e lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́. Gígé ni o, kì í ṣe rírò. Àfi ìgbà tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ọmọ tó ń sùn ni wọ́n tó máa gbà pé ó ti di ìrẹsì súṣì.

Jun, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Philippines tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, kọ́kọ́ ń ro ó bí ẹni ń tẹ ẹ̀bà. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gba igi náà lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n sì fi nà án lẹ́yìn ọwọ́.

“Piano, mamma!” ni Jun wí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n rọra.

Yorùbá tí kò gbọ́ ni wọ́n fi dá a lóhùn, ó sì yé e yékéyéké: “Ìrẹsì ní egungun. Má ṣẹ́ egungun rẹ̀.”

Jun ni Dario, tó ni ilé oúnjẹ náà, gbé síwájú, níbi tí àwọn oníbàárà ti ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó dè é ní ọ̀já funfun mọ́rí. Ó kìlọ̀ fún un pé kó má sọ Italian púpọ̀. Àwọn oníbàárà ń tẹrí ba fún un, wọ́n ń pè é ní maestro, ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́. Jun kò dé Japan rí. Màmá àgbà mi náà kò dé ibẹ̀ rí. Dario fúnra rẹ̀, ọmọ Brescia tó ti ń ta písà tẹ́lẹ̀, kò dé ibẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ojú Jun jọ ohun tí oníbàárà fẹ́ rà, ojú obìnrin dúdú kò jọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí ògiri fi wà láàárín wọn, pẹ̀lú ihò kékeré kan tí ìrẹsì ń gbà kọjá. Jun kò jẹ̀bi. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń wá sẹ́yìn tí yóò fi ọwọ́ méjèèjì gbá àtẹ́lẹwọ́ wọn mú bí oníbàárà bá yìn ín.

Èmi ni ara ń ta. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé ṣé kò dùn wọ́n ni, pé ẹlòmíràn ló ń gba ìyìn iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Wọn kò gbójú sókè kúrò lórí ọ̀bẹ tí wọ́n ń pọ́n. Wọ́n ní: “Ẹja tó ń bẹ lábẹ́ omi ló ń wẹ̀. Èyí tó léfòó ti kú.”

Mo ti jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá kí n tó mọ̀ pé súṣì ní àlàyé mìíràn yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fún un lórí tábìlì ìdáná wa. Ìgbà náà, Italian ni mo fi ń dá wọn lóhùn, bí gbogbo ọmọ ibí ṣe ń ṣe. Wọ́n á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

“Nonna, e questo?”

Wọ́n ń tẹ ìrẹsì wọn lọ.

“Màmá, èyí ńkọ́?”

“Ẹ̀n-ẹ́n! Nigiri nìyẹn. Ìrẹsì ló pọn ẹja sẹ́yìn. Wo bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́, ìka méjì, ẹ̀ẹ̀mẹta, ó tán. Bóo bá fún un jù, ó di òkò.”

“Èyí tó wọ aṣọ dúdú?”

“Maki. Ewé inú òkun ni wọ́n fi wé e, bí a ṣe ń fi ewé eéran wé ẹ̀kọ.”

“Uramaki wá ńkọ́, tí ìrẹsì ẹ̀ wà níta?”

Wọ́n yínmú. “Ìyẹn wọ aṣọ ní òdì. Òyìnbó ò fẹ́ rí ewé dúdú, wọ́n ní kó wọlé lọ jókòó. Wọ́n tún wá lọ ń fi wàràkàṣì sí i. Wàràkàṣì, Àdùkẹ́!”

“Temaki?”

“Ìwé ẹlẹ́pà.” Òótọ́ ni, ewé náà ká ṣóńṣó bí ìwé tí wọ́n ń wọn ẹ̀pà sísun sí ní ilé.

“Sashimi?”

“Ẹja àpọ́n. Kò ní ìrẹsì nílé.”

Mo bi wọ́n bóyá àwọn fúnra wọn máa ń jẹ ẹ́. Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu, wọ́n ní: “Ẹja àìsè? Ta ló sọ fún ẹ pé iná ti kú ní Ẹ̀pẹ́?”

Ní gbogbo oṣù kìíní ọdún, wọ́n á wọ bàtà tó dára, wọ́n á lọ bá Dario pé kó yí ọ̀rọ̀ inú ìwé iṣẹ́ náà padà. Ní gbogbo oṣù kìíní ọdún, Dario á rẹ́rìn-ín. “Ma signora, che cambia?” Kí ló yàtọ̀? Owó kan náà ni, iṣẹ́ kan náà ni, orúkọ lásán ni. Wọ́n á padà wálé, wọ́n á bọ́ bàtà. Bàbá mi, tí í ṣe ọmọ wọn, á ní: “Màmá, ṣé orúkọ la ó jẹ ni?” Wọ́n á ní: “Bí orúkọ ò bá já mọ́ nǹkan kan, kí Dario jẹ́ lavapiatti, kí n jẹ́ Dario.”

Ẹ̀rín ni a máa ń rín. Gbogbo wa ni a máa ń rín in, èmi náà wà níbẹ̀. N kò tíì mọ̀ nígbà náà pé ohun tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún, òfin ti fún wọn tẹ́lẹ̀. Pé orílẹ̀-èdè yìí ní òfin tó ní kí a kọ iṣẹ́ ènìyàn bí ó ti ń ṣe é, kì í ṣe bí ojú ọ̀gá rẹ̀ ti rí i. Ní Torino ni mo ti kọ́ ìyẹn, ní kíláàsì ìmọ̀ òfin iṣẹ́. Mo kọ ìwé ìparí ẹ̀kọ́ mi lé e lórí. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yìn ín. Láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, kò sí orúkọ màmá àgbà mi níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo gboyè náà, wọ́n bá bàbá mi wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Torino. Àwọn ọ̀rẹ́ mi, tí wọ́n rò pé ìkẹ́ ni àwọn ń ṣe, kó wa lọ sí ilé oúnjẹ súṣì olówó ńlá kan. Màmá àgbà mi kò fọwọ́ kan igi ìjẹun. Wọ́n gbé ẹ̀yìn ìka lé orí nigiri kan, wọ́n pe ẹni tó ń gbé oúnjẹ, wọ́n ní: “Riso freddo. Male.” Ìrẹsì tútù, kò dára. Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni ń rẹ́rìn-ín sí ọmọdé. Ọ̀rẹ́ mi kan pàtẹ́wọ́: “Tua nonna è fortissima!” Màmá àgbà rẹ mà ga o! Mo tẹ ojú mọ́ abọ́. Màmá àgbà mi tẹ̀ sí mi létí: “Ìrẹsì yìí tutù bí ẹsẹ̀ òkú. Oyè lo gbà lónìí, o ò sì lè sọ fún un?”

Ó tó àkókò kí n sọ ohun tí màmá àgbà mi ṣe, nítorí àwọn tó ṣe àmín ní gbọ̀ngàn ọjọ́ náà ti ń yí i padà sí ìtàn ìyá oníwà pẹ̀lẹ́ tó fẹ̀yìn tì.

Ẹja tí a óò jẹ láìsè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sùn nínú abbattitore, firísà alágbára tó ń sọ ẹja di òkúta, ó kéré tán fún odidi ọjọ́ kan. Aràn ló ń pa. Òfin ni. Màmá àgbà mi ló ń kó ẹja wọlé, àwọn ló ń kó o jáde, àwọn ló ń kọ bí ẹ̀rọ náà ṣe tutù tó sínú ìwé ńlá kan, tí wọ́n sì ń fọwọ́ sí i lójoojúmọ́. Bẹ́ẹ̀ ni o: ẹni tí wọ́n ní kò mọ̀ ju abọ́ fífọ̀ lọ ni wọ́n fi ìlera gbogbo oníbàárà sí lọ́wọ́.

Ọjọ́ Jímọ́ kan, ẹ̀rọ náà kú. Ẹja sgombro, èyí tí àwa ń pè ní títù, sì ti dé. Ara títù ni aràn náà fẹ́ràn jù. Dario ní kí wọ́n fi iyọ̀ àti ọtí kíkan pa á lára, ó ní ìyẹn tó. Wọ́n sọ fún un pé kò tó, pé ọtí kíkan ń fún ẹja ládùn ni, kì í pa aràn. Ní ọ̀sán Sátidé, wọ́n tún sọ fún un, nítorí àwọn obìnrin kan ti gba àyè fún àpèjẹ, aboyún kan sì wà láàárín wọn. Dario kò tilẹ̀ bínú. Ó tọ́ka sí kòtò ìfọbọ́, ó ní: “Signora, lei lava i piatti.” Abọ́ ni iṣẹ́ yín, ẹ fọ abọ́.

Màmá àgbà mi yí padà. Wọ́n gbé àwo títù mẹ́ta tí wọ́n ti gé sílẹ̀, wọ́n dà wọ́n sínú kòtò ìfọbọ́ náà, wọ́n mú ìgò candeggina, oògùn kíkan tí a fi ń fọ ilẹ̀ ìdáná, wọ́n da gbogbo rẹ̀ lé e lórí. Jun ló ròyìn rẹ̀ fún wa. Ó ní òórùn rẹ̀ gba ihò ògiri jáde bá àwọn oníbàárà, pé Dario ń pariwo, pé màmá àgbà mi ń fi kànrìnkàn fọ àwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan, ní sùúrù, títí wọ́n fi ń dán. Wọ́n wá nu ọwọ́, wọ́n sọ fún Dario ní Yorùbá: “Abọ́ rẹ nìyẹn. Mo ti fọ̀ ọ́.”

Ó lé wọn lọ́jọ́ náà. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ó tún ránṣẹ́ pè wọ́n. Àwọn olùyẹ̀wò ìlera ti ń kiri àwọn ilé oúnjẹ àdúgbò náà, ìwé ẹ̀rọ sì ṣófo fún ọjọ́ mẹ́rin tí a fi ń tún un ṣe, nígbà tí Dario ṣì ń ta ẹja mìíràn fáwọn ènìyàn láìbìkítà. Ọwọ́ ìkọ̀wé kan ṣoṣo ló wà nínú ìwé náà láti òkè délẹ̀. Kò sí ẹni tó lè dí àlàfo ọ̀hún àfi màmá àgbà mi.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà náà. Èmi ni ògbufọ̀ ilé. Gbogbo ìdílé wa níbí ló ní ọmọ kan bẹ́ẹ̀, tí a ń mú kiri láti questura, ọ́fíìsì ọlọ́pàá tó ń fúnni ní ìwé ìgbélùú, dé ọ̀dọ̀ dókítà, tí ń fi ẹnu kékeré gbé ọ̀rọ̀ àgbà. A jókòó sínú gbọ̀ngàn ìjẹun lẹ́yìn ọ̀sán, nígbà tí oníbàárà kò sí. Jun ń nu ọ̀bẹ ní ìtòsí. Dario gbé nǹkan méjì sórí tábìlì: ìwé ẹ̀rọ náà, àti ìwé iṣẹ́ tuntun. Ó fi ìka tọ́ ọ̀rọ̀ kan fún mi. Cuoca.

Kí a tó kúrò nílé, bàbá mi ti dọ̀bálẹ̀: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ sí i. Ta ni ẹja náà pa? Kò sẹ́ni tó kú.” Màmá àgbà mi sì ti dáhùn pé: “Kò sẹ́ni tó kú nítorí mo dà á nù.”

Wọ́n wo ọ̀rọ̀ náà pẹ́. Wọ́n fi ìka ra á. Lẹ́yìn náà, wọ́n ti ìwé méjèèjì padà, wọ́n ní: “Sọ fún un pé ọwọ́ mi ò ní kọ ohun tójú mi ò rí. Iṣẹ́ ọdún mọ́kànlá ló yẹ kó fún mi lórúkọ yìí, kì í ṣe irọ́ ọjọ́ mẹ́rin. Sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́.”

Mo yíjú sí Dario. Mo sọ pé: “La nonna ringrazia. Dice che ci deve pensare.” Màmá àgbà dúpẹ́. Wọ́n ní àwọn yóò rò ó.

Mo lè wá àwíjàre. Mo lè ní wọ́n kọ́ wa pé ọmọdé kì í ru ọ̀rọ̀ líle àgbà kiri, pé a máa ń fi omi là á. Irọ́ ni. Ẹ̀rù bà mí, mo sì fẹ́ kí ilé wa ní àlàáfíà, mo sì rò pé mo gbọ́n jù wọ́n lọ. Ohun tí Dario fi ògiri ṣe fún ọdún mọ́kànlá, mo fi gbólóhùn méjì ṣe é.

Mo gbàgbé pé ọdún mọ́kànlá tí ènìyàn fi dúró lẹ́yìn ògiri, etí rẹ̀ kò dí. Màmá àgbà mi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n dìde dúró. Wọ́n wo Dario lójú, wọ́n sọ Italian tí kò tò, tí kò ní ẹ̀wà, tí gbogbo ayé sì gbọ́: “No. Io no firmo. Io cuoca prima di tua carta.” Mi ò fọwọ́ sí i. Alásè ni mí kí ìwé rẹ tó dé. Jun gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

Nínú tram, ọkọ̀ ojú irin ìgboro tí a wọ̀ padà, wọ́n kọjú sí fèrèsé títí a fi fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, láìgbé ohùn sókè: “Àdùkẹ́, mo yá ẹ lẹ́nu mi ni. Mi ò tà á fún ẹ.”

Wọn kò mú mi lọ sí ọ́fíìsì kankan mọ́ láti ọjọ́ náà. Àwọn nìkan ló ń lọ, pẹ̀lú Italian wọn tó ń tiro, wọ́n ń dúró lórí ìlà, wọ́n ń tún ọ̀rọ̀ sọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Kò sí ilé oúnjẹ kan ní Padova tó gbà wọ́n. Dario ti bà wọ́n lórúkọ jẹ́ káàkiri, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ ojú irin lọ sí Verona lójoojúmọ́ láti lọ ká aṣọ ibùsùn ní òtẹ́ẹ̀lì. Àwọn ará wa, àwọn alámìín yìí kan náà, ní agídí ló bá wọn, wọ́n ní ta ló rán wọn níṣẹ́ aràn òyìnbó. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara mi, nínú ṣọ́ọ̀bù ẹni tó nu ojú ní gbọ̀ngàn yẹn. N kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Mo ń dá a lóhùn nísinsìnyí, ó sì ti pẹ́ jù fún ẹni tó yẹ kó gbọ́.

Ní oṣù tó gbẹ̀yìn ayé wọn, ní ilé ìwòsàn, dókítà ọ̀dọ́ kan wọlé pẹ̀lú fọ́ọ̀mù. Ó kí mi, ó jókòó kọjú sí mi, ó ń béèrè ọ̀rọ̀ ẹni tó wà lórí ibùsùn lọ́wọ́ ẹni tó wà lórí àga. Ọjọ́ orí? Àìsàn àtijọ́? Mo ń dáhùn. Ó ní iṣẹ́ wo ni signora ń ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì.

Mo la ẹnu. Màmá àgbà mi gbé ọwọ́ sókè lábẹ́ okùn dírípù tí wọ́n fi sí wọn lọ́rùn ọwọ́, mo sì pa ẹnu dé.

“Cuoca,” ni wọ́n wí.

Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro. Dókítà náà rẹ́rìn-ín sí wọn. Lẹ́yìn náà ló tún yíjú sí mi, kálámù lọ́wọ́, ó ń retí kí n túmọ̀ Italian tí wọ́n ti fi Italian sọ fún un.

Màmá àgbà mi kò wò mí. Òkè àjà ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní: “Sọ ọ́ fún un. Má fi kún un, má yọ níbẹ̀.”

Mo sọ ọ́.